Bí Ọdẹ́rìnlọ Ṣe Wá Ajá Rẹ̀ Dé Ìlú Afojúsọ́nà

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹran gbígbẹ lẹ bá wá. Ẹni tó bá mú ajá wá, kó fà á sáàárín orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tíì fọwọ́ kàn án. Bó bá tó àsìkò, èmi fúnra mi ni n ó sọ. Òjò rọ̀ lánàá, ilẹ̀ igbó ń yọ̀, kò sẹ́ni tó ń dẹ̀gbẹ́ lónìí. Ìtàn ló kù tí a ó máa lé kiri.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà létí odò, títí ẹfọ̀n fi gbàgbé ohun tó bá wá sódò. Àpá rẹ̀ nìyí nítan mi. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi Ọdẹ́rìnlọ ni, ẹni tó kọ́ mi bí a ti ń fi etí mọ ẹran kí ojú tó rí i. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, bó ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́, àfi ibi tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ọdẹ́rìnlọ ní ajá kan, abo, pupa, tí àyà rẹ̀ funfun. Tẹ̀lémilọ ni ó sọ ọ́. Ajá náà gbọ́n ju ọdẹ mìíràn lọ, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tí mo ń bá wí ti mọ ara yín. Ó lè tọpa ìgalà kọjá odò. Bí Ọdẹ́rìnlọ bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ibi yòówù kó wà, yóò yọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò bá èèwọ̀ kan tó wà láàárín ọdẹ ìlú wa nígbà náà. Ọdẹ kì í fọwọ́ pa ajá lára. Àwọn àgbà ní ọwọ́ a máa gba eyín ajá. Wọ́n ní ajá tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń fọwọ́ pa létí yóò di ajá ìdí ààrò, ẹran yóò máa kọjá lójú rẹ̀, yóò máa ju ìrù sí i. Ajá tí a bá fẹ́ràn, oríkì là ń kì í, ẹ̀dọ̀ ẹran là ń fún un, awọ ẹran tó bá kọ́kọ́ mú lọ́dún là ń tẹ́ fún un sùn, kí òórùn igbó má baà kúrò nímú rẹ̀.

Ọdẹ́rìnlọ ṣe gbogbo rẹ̀ fún Tẹ̀lémilọ. Awọ ìgalà ńlá kan ló tẹ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ọkùnrin yìí bá jókòó síwájú ilé, ajá a rìn wá, a gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, a dẹ etí kan sókè. Ọdẹ́rìnlọ a sún orúnkún. Ajá a tún sún mọ́ ọn. Òun náà a tún sún. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Baálé mi, nínú ẹ̀yin àti ajá yìí, ta ni yóò kọ́kọ́ sún dé ojú títì?"

Ọdẹ́rìnlọ a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò lórí itan ara rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun a máa yún òun nígbà náà, òun a sì fi í há abẹ́ itan bí ẹni fi ọmọ burúkú pa mọ́.

Ọdún kan, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, Tẹ̀lémilọ kọ oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ tí ó máa ń gbé mì láìjẹ lẹ́nu, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀. Èrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán nímú rẹ̀ láìsí ẹni tó lù ú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń mu ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́rìnlọ ní ayé ni. Ó fura sí ọdẹ tó ń jowú rẹ̀, ó fura sí orogún ìyá rẹ̀, ó fura sí iwin tó ṣẹ̀ lóko, ó fura sí gbogbo ohun tó wà lóde. Ó bu ata sínú iná, ó fi èéfín rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà kí ibi má baà wọlé. Ilé kún fún ikọ́, ajá kò sì jẹun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí yóò kú, Tẹ̀lémilọ wọ́ ara rẹ̀ wá, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọ̀gá rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ kò sún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án, títí ó fi mí èémí ìkẹyìn.

Ó sin ín sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀, abo ni òun náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àṣẹ́kù. Ọdẹ́rìnlọ fún un ní ibùsùn ìyá rẹ̀. Àárò ajá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọkùnrin náà. Bó bá pa ẹran, yóò gé ẹ̀dọ̀, yóò gbé e sápá kan, ẹ̀dọ̀ yóò sì gbẹ síbẹ̀. Bó bá jókòó nírọ̀lẹ́, yóò ṣàdédé sún orúnkún, kò sí ohun tó sún mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan ó mú okùn ọrùn Tẹ̀lémilọ lára ògiri, ó mú fèrè, ó ní kí Àwẹ̀ró bá òun tọ́jú Àṣẹ́kù.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Mò ń lọ pe ajá mi wálé."

Àwẹ̀ró wò ó títí. Ó mọ̀ pé ẹni tí àárò bá ń pa kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Ó di gúgúrú àti ẹ̀pà fún un, ó ní kó má pẹ́.

Ẹ má bi mí bí ó ṣe gba ọ̀nà. Ẹni tó ń wá ohun tó kú kì í ka òkè, kì í ka odò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó wọ igbó kan tí kò sí ẹyẹ níbẹ̀, tí ewé kì í dún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni iwin kan ti yọ sí i, Akóhùnjọ lorúkọ rẹ̀. Ìpàkọ́ lẹnu rẹ̀ wà, kèrègbè ló so kọ́ gbogbo ara, kékeré, ńlá, ohùn sì ń kùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá yóò fi ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ ní ohùn tí òun yóò fi pe ajá òun, òun kò lè fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́yìn. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n jà, ilẹ̀ lu. Bí Akóhùnjọ bá lu Ọdẹ́rìnlọ mọ́lẹ̀, kèrègbè kan a là, ohùn arúgbó kan a pariwo jáde, "Ẹ rọra o!" Bí Ọdẹ́rìnlọ bá gbé iwin ṣánlẹ̀, òmíràn a là, ohùn ìyàwó titun a bú sẹ́kún. Bó bá ṣe èmi ni, ìjà náà ì bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ apá mi. Níkẹyìn Ọdẹ́rìnlọ yí i dojú bolẹ̀, ó fi orúnkún tẹ ẹnu ìpàkọ́ náà, iwin kò lè mí.

Nígbà tó dìde kúrò lórí rẹ̀, Akóhùnjọ tú kèrègbè kékeré kan lára, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni igbe Tẹ̀lémilọ, kì í ṣe èyí tó fi ń lé ẹran o, èyí tó máa ń ké jẹ́jẹ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti oko dé. Ọdẹ́rìnlọ jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

"Gbé e lọ sílé," ni iwin wí. "Máa ṣí i láràárọ̀, máa ṣí i nírọ̀lẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wá síbí nìyẹn. Kí lo tún ń wá?"

Ọdẹ́rìnlọ gbé kèrègbè náà sétí fún ìgbà pípẹ́. Ó wù ú. Ó wù ú débi pé ó ti ń wá ibi tí yóò so ó kọ́. Lẹ́yìn náà ó dé e padà.

"Igbe kò lè gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi," ló wí.

Akóhùnjọ gba kèrègbè náà padà. Ó nawọ́ sí ọ̀nà.

Ọ̀nà yẹn gbé e dé Ìlú Ẹlẹ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ìlú, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ yàtọ̀. Gbogbo ará ìlú ló so ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ eérú mọ́ etí, mọ́ abíyá, mọ́ àárín ìka ẹsẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ẹni bá ṣe tóbi tó ni iyì rẹ̀ ṣe tó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rìn dé ìta láìjókòó sinmi. Ojú wọn funfun, wọ́n ń yán, wọ́n ń gbọ̀n nínú oòrùn. Wọ́n mú Ọdẹ́rìnlọ dé iwájú ọba wọn, ọba sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ yangàn.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ so èyí," ni ọba wí, "kò ju wóró ọkà bàbà lọ. Wò ó báyìí! Èmi kò bọ́ ọ, èmi kò fún un lómi, òun nìkan ló ń sanra."

"Kábíyèsí, ẹ̀yin ńkọ́?" ni Ọdẹ́rìnlọ bi í. "Ẹ̀yin ṣe ń rù?"

Ọba la ẹnu láti fèsì, oòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lórí ìtẹ́. Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ Kábíyèsí kò tilẹ̀ mì. Ọdẹ́rìnlọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí òmùgọ̀ bí èyí rí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Eégbọn so mọ́ ayìnrín lẹ́nu, adìẹ ń fi ṣẹ̀rín. Adìẹ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kan òun.

Kò pẹ́ tó fi dé ẹnubodè ìlú àwọn ajá tó ti lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Afojúsọ́nà. Ajá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó gbóòórùn Ọdẹ́rìnlọ.

"Ọmọ ènìyàn, èèyàn lè wọlé síbí, ṣùgbọ́n kì í jáde bí kò bá mọ àlọ́ mi. Àlejò kan wọ ilé mi, kò kágò, kò kí mi. Ó jókòó ti ìkòkò mi, ó ń mu. Nígbà tó dé, ó dà bí wóró ọkà bàbà. Nígbà tó yó, ó tó kóró lárà. Ó já bọ́, ó lọ. Ilé mi wó lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni?"

"Ikú ni, Bàbá."

"Ikú dé lẹ́yìn tí ilé ti wó."

"Ọ̀tá ni."

"Ọ̀tá a máa kí ni. Ẹ̀rín ló fi ń wọlé."

"Ayé ni, Bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni."

Ajá arúgbó náà yán. "Ẹ̀yin ènìyàn! Ohun tí ojú yín kò bá ti wò dáadáa, ayé ni. Fi okùn ọwọ́ rẹ sílẹ̀ níbí, a kì í so ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí. Wọlé."

Ìlú náà dára. Omi ń ṣàn, ẹran ń sá kiri, ajá ń lé e fún eré, kò sí èyí tí ara ń ni. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, Ọdẹ́rìnlọ rí i tí gbogbo ajá fi eré sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹran sílẹ̀, tí wọ́n lọ dùbúlẹ̀ létí ìlú, tí wọ́n kọjú sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, tí wọ́n sì na etí. Kò sí èyí tó gbó. Wọ́n kàn ń wo ọ̀nà. Ọkùnrin náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí òun ṣe ń wo ọ̀nà nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò ó lọ́hùn-ún.

Láàárín wọn ló ti rí àyà funfun kan. Kò fọn fèrè. Ẹnu rẹ̀ kò lè fọn ún. Orúkọ ló pè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé yóò fọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ràn nù rí, tí ẹ sì tún rí i lójú àlá, ẹ mọ bí ajá náà ṣe sáré wá. Ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ ti rù," ni Tẹ̀lémilọ wí.

"Àárò rẹ ni. Dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ ibí kì í padà mọ́, ọ̀gá mi."

"Ó dáa. Èmi náà á jẹ ẹ́. Sọ ibi tó wà fún mi."

Tẹ̀lémilọ rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ti jókòó sílẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ó dẹ etí kan sókè, gan-an bó ṣe máa ń ṣe nílé. Ọdẹ́rìnlọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí àgbà ọdẹ kankan níbẹ̀. Ó yọ ọwọ́ lábẹ́ itan, ó gbé e lé etí ajá rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ rí pé ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìka rẹ̀ wọ inú ìṣẹ́po etí náà. Ó bá ihò kéékèèké, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ojú egbò tó ti jiná. Ó tún bá ohun kan tó le, tó lẹ̀ mọ́ ara, bí kóró lárà. Ó fà á yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó. Eégbọn ni.

Ó rántí ọba tó ṣubú lórí ìtẹ́. Ẹ̀rín tó rín níbẹ̀ wá korò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Láti ilé ni, ọ̀gá mi. Ara awọ ìgalà tí ẹ tẹ́ fún mi ni àwọn àkọ́kọ́ ti gùn mí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yé sínú pàlàpálá ògiri, àwọn ọmọ wọn tún gùn mí. Wọ́n wà létí, wọ́n wà láàárín ìka ẹsẹ̀, wọ́n wà lábẹ́ okùn ọrùn, níbi tí ẹnu mi kò lè dé. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n mu, àrùn ni wọ́n tu sí i. Nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ ni mo ń gbé etí wá fún yín."

Ọdẹ́rìnlọ fi ojú bo ọrùn ajá náà. "Èèwọ̀ ni, Tẹ̀lémilọ. Wọ́n ní ọwọ́ a máa gba eyín."

"Mo mọ̀. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n gbogbo eyín mi ni mo kó wá síbí, ọ̀gá mi. Kò sí ọwọ́ tó gba ọ̀kankan."

Ẹ̀yìn èyí ni Tẹ̀lémilọ bi í léèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ta ló ń sùn lórí awọ mi báyìí?"

Àṣẹ́kù ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ọdẹ́rìnlọ fi tẹ́ ẹ fún un. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó ti fi ilé sílẹ̀ wá ọ̀tá kiri igbó, ó sì ti tẹ́ ibùsùn fún ọ̀tá náà.

"Bí mo bá lọ, mi ò ní rí ọ mọ́."

"Ó ń wù mí láti rí ọmọ mi," ni Tẹ̀lémilọ wí, "ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí i níbí."

Ọdẹ́rìnlọ fọwọ́ pa á létí títí oòrùn fi wọ̀, ó fọwọ́ pa èkejì náà. Ó ní òun ń gbìyànjú láti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ti kọjá sínú ẹyọ kan. Kò gbà á tán. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Lẹ́nubodè, ó ní, "Eégbọn ni, Bàbá." Ajá arúgbó náà gbé okùn fún un. "Fi í sọ́rùn ẹni tó wà láàyè," ló wí, "kí o sì máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò." Bí Ọdẹ́rìnlọ ti jáde tán, ọwọ́ rẹ̀ gbé fèrè lọ sẹ́nu fúnra rẹ̀, ó fọn ún. Ó dúró. Kò sí ẹni tó wá. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ọdẹ́rìnlọ sọ fún mi pé ti Tẹ̀lémilọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ó gbọ́, ó gbọ́ kedere. Ó kàn fẹ́ kí òun máa lọ ni.

Nígbà tó dé ilé, Àwẹ̀ró pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Baálé mi, ẹ kú ìrìn. Àṣẹ́kù kò jẹun mọ́ o." Ọdẹ́rìnlọ kò tilẹ̀ mu omi. Ó jókòó sí gbangba, lójú gbogbo ọdẹ tó wá kí i, ó gbé Àṣẹ́kù lé itan, ó kì ọwọ́ bọ̀ ọ́ létí. Olúọdẹ figbe ta.

"Ọdẹ́rìnlọ! Ṣé o fẹ́ gba eyín ajá ni?"

"Eyín ajá tí à ń tọ́jú, Olúọdẹ, abẹ́ ilẹ̀ ló kún. Ẹ lọ hú u wò lábẹ́ àwọn igi ẹ̀yìnkùlé yín."

Ọdẹ́rìnlọ fi ewé wé ìka, ó di eégbọn kọ̀ọ̀kan mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ ara, ó fà á jáde gbọọrọ, kò tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwẹ̀ró gbé abọ́ karosíìnì dání, ibẹ̀ ni wọ́n ń jù wọ́n sí. Wọ́n sun awọ ìgalà. Wọ́n fi ẹrẹ̀ dí gbogbo pàlàpálá ògiri. Ó sì gbé Àṣẹ́kù kọ́ ọrùn lọ bá dókítà ẹran ní ìlú ńlá, nítorí fífa eégbọn kì í fa àrùn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ jáde. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó ní, "Bàbá, díẹ̀ ló kù kí ẹ pẹ́ jù." Ẹ̀yin náà, ẹ bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ajá kí eégbọn má baà gùn ún rárá. Nígbà tiwa kò sí i, ìka la ní.

Àṣẹ́kù yè. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lé etu kan mú lójú gbogbo wọn, eyín rẹ̀ pé. Lọ́jọ́ kejì, Olúọdẹ gba ẹ̀yìnkùlé wá bá Ọdẹ́rìnlọ. Ó ti wo ọ̀tún, ó ti wo òsì. "Ẹ̀gbọ́n ni mí sí ọ, má rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ṣé etí la ti ń bẹ̀rẹ̀, àbí ẹsẹ̀?"

Láti ìgbà náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Ọdẹ́rìnlọ jẹun kí ó tó fọwọ́ yẹ ajá rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà létí Àṣẹ́kù, ojú rẹ̀ a máa wà lójú ọ̀nà igbó. Èmi tí mo ń bá a gbé kò jẹ́ pe ohun tó ń wò fún un.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Àṣẹ́kù ti lọ tipẹ́, ogbó ló pa á. Ọwọ́ ọ̀gá mi já bọ́ lórí ẹní, ó ń wá nǹkan kiri ilẹ̀. Mo fa ọmọ-ọmọ Àṣẹ́kù wá, mo gbé etí rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ náà. Ọ̀gá mi pa á lórí díẹ̀, ó mi orí, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lọ. Ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀, ó dúró. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń tú ìṣẹ́po etí wò. Àwa kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi rí i, ó rẹ́rìn-ín, kò sì sún orúnkún.

Ó ti tó àsìkò. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Etí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.